Ẹ̀KỌ́ KẸSÀN-ÁN: Ẹ̀KÚNWỌ́ Ẹ̀PÀ FÚN ÌLERA ỌKÀN

Ibi kíkà: Gẹ́nẹ́sísì 43:1-14, Òwe 25:16, Òwe 11:1

Ẹsẹ àkọ́sórí: I Kọ́ríńtì 10:31 (Kí gbogbo kíláàsì ṣí i nínú Bíbélì wọn, kí wọ́n sì kà á pọ̀.)

Ète ẹ̀kọ́ yìí: Kí olúkúlùkù wa lè mọ bí ẹ̀pà àti àwọn èso eléèpo líle ṣe ń ran ọkàn lọ́wọ́, ìwọ̀n tí ó yẹ kí a jẹ, àti irú èyí tí a kò gbọdọ̀ jẹ, tí a kò sì gbọdọ̀ tà.

Bíbélì kíkà ojoojúmọ́
Ajé: Gẹ́nẹ́sísì 43:1-14
Ìṣẹ́gun: Númérì 17:1-8
Ọjọ́rú: Jeremáyà 1:11-12
Ọjọ́bọ̀: Orin Sólómọ́nì 6:11
Ẹtì: Dáníẹ́lì 1:8-16
Àbámẹ́ta: Òwe 25:16, 11:1
Ọjọ́ Ìsinmi: I Kọ́ríńtì 6:19-20

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Nígbà tí ìyàn mú ní ilẹ̀ Kénáánì, tí Jákọ́bù sì fẹ́ tún rán àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Íjíbítì láti ra ọkà, ó ní kí wọ́n mú ẹ̀bùn lọ́wọ́ fún ọkùnrin tí í ṣe olórí níbẹ̀. Ohun tí ó kó jọ fún wọn kò pọ̀: ìkunra díẹ̀, oyin díẹ̀, àwọn nǹkan olóòórùn dídùn, àti oríṣi èso eléèpo líle méjì, pistachio àti álímọ́ńdì. Ọkà ti tán nínú ilé, ṣùgbọ́n èso wọ̀nyí ṣì wà. Èyí kò yani lẹ́nu. Igi méjèèjì máa ń fara da ọ̀dá, èso inú èèpo líle a sì máa pẹ́ kí ó tó bàjẹ́. Jákọ́bù kà á sí ohun iyì tí a lè gbé síwájú alágbára.

Lónìí, bí àlejò pàtàkì bá wọlé tọ̀ wá, tí ó sì jẹ́ ẹ̀pà nìkan ni ó wà nílé, ojú lè máa tì wá. Bisikíìtì inú páálí àti ẹlẹ́rìndòdò inú ìgò ni a kà sí ohun ńlá. Ẹ̀pà ni a ń fi mu gààrí nígbà tí owó kò bá sí. Ẹ̀kọ́ òní fẹ́ kí a tún èrò yìí gbé yẹ̀ wò. Láti ohun tí ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti ń ṣàkíyèsí pé àwọn tí ń jẹ ẹ̀pà àti èso eléèpo líle déédéé kì í sábà ní àrùn ọkàn tó àwọn tí kì í jẹ ẹ́.

Èdè wa lo ọ̀rọ̀ kan náà, ọkàn, fún èyí tí a fi ń ronú àti fún èyí tí ń lù ní àyà wa. Èyí tí ń lù ní àyà ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí nínú ẹ̀kọ́ yìí.

ÀLÀYÉ Ẹ̀KỌ́

I. Ohun tí ń ba ọkàn jẹ́

Ọkàn ènìyàn kò tóbi ju ìkúùkù rẹ̀ lọ. Tọ̀sán tòru ni ó ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara, kì í sì í sinmi. Òun fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ń fẹ́ ẹ̀jẹ̀ kí ó tó lè ṣiṣẹ́, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tí ó yí i ká ni ó sì ń gbé e wá fún un. Bí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ jù, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa lẹ̀ mọ́ inú àwọn iṣan wọ̀nyí, gẹ́gẹ́ bí ìdọ̀tí ti ń lẹ̀ mọ́ inú páìpù omi. Ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ á máa há sí i láti ọdún dé ọdún, ẹni tí ó ń ṣe kò sì ní mọ̀. Ní ọjọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ lè dì níbi tí ó há yẹn, kí ó sì dí ọ̀nà pátápátá. Apá ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ nínú ọkàn yóò bẹ̀rẹ̀ sí kú. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ ni.

Kì í ṣe ọ̀rá nìkan ni ó ń fa èyí. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, sìgá mímu, ara sísan jù àti àìrìn tó wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ọ̀rá tí a ń jẹ ṣe pàtàkì. Ọ̀nà kan wà tí a fi lè dá a mọ̀ nílé ìdáná. Ọ̀rá tí ó máa ń dì bí kò bá sí níbi tí iná wà, irú bí ọ̀rá màlúù àti bọ́tà, máa ń mú kí ọ̀rá búburú inú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i. Òróró tí kì í dì, irú èyí tí ó wà nínú ẹ̀pà, máa ń mú un dín kù bí a bá fi rọ́pò ti àkọ́kọ́.

Ó yẹ kí a sọ òótọ́ fún ara wa nínú kíláàsì yìí. Nígbà tí ẹnì kan láàárín wa bá ṣubú lójijì, tí kò sì dìde mọ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ti máa ń sọ pé ayé ni ó ṣe é. A ó máa wo ìyàwó ilé, a ó máa wo ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, ìdílé á sì túká. Kí a tó wá ẹni tí a ó dá lẹ́bi, ó yẹ kí a béèrè ìgbà tí olóògbé ti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kẹ́yìn, àti irú oúnjẹ tí ó ń jẹ láti ogún ọdún. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a dúró títí tí ẹ̀pa kò fi ní bóró mọ́.

II. Ohun tí àwọn onímọ̀ rí

Ní ọdún 1992, Dókítà Gary Fraser àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Loma Linda, ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde. Àwọn ọmọ ìjọ Seventh-day Adventist tí ó ju 31,000 lọ ni wọ́n ṣe àkíyèsí wọn fún ọdún púpọ̀, tí wọ́n sì bi wọ́n ní irú oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ. Àwọn tí ń jẹ èso eléèpo líle ju ìgbà mẹ́rin lọ lọ́sẹ̀ kò ní àrùn ọkàn ju nǹkan bí ìdajì iye ti àwọn tí kì í jẹ ẹ́ tó ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn kì í mu sìgá, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í jẹ ẹran, nítorí náà ó lè má jẹ́ èso yìí ni ó ṣe é. Ìbéèrè gidi ni. Àwọn onímọ̀ náà bi ara wọn bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1993, Dókítà Joan Sabaté, ní yunifásítì kan náà, fún àwọn ọkùnrin 18 tí ara wọn le ní oúnjẹ oríṣi méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Agbára tí ó wà nínú oúnjẹ méjèèjì dọ́gba. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé nínú ọ̀kan, wọ́n yọ díẹ̀ lára àwọn oúnjẹ mìíràn kúrò, wọ́n sì fi èso walnut ti òkè òkun rọ́pò rẹ̀. Ní àkókò tí wọ́n jẹ walnut, ọ̀rá búburú inú ẹ̀jẹ̀ wọn fi nǹkan bí ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àkókò kejì. Kí kíláàsì fi ọ̀rọ̀ kan sọ́kàn níhìn-ín: wọ́n fi rọ́pò ni, wọn kò fi kún un.

Ìwádìí tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ wáyé ní ilẹ̀ Sípéènì. Láti ọdún 2003 ni wọ́n ti kó àwọn ènìyàn 7,447 jọ, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 55 sí 80, tí àrùn ọkàn kò tíì mú ṣùgbọ́n tí ó súnmọ́ wọn. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ mẹ́ta náà ń gba gíráàmù 30 èso eléèpo líle lójúmọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú ewébẹ̀, ẹ̀wà, ẹja àti èso tútù. Wọ́n tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2013. Nígbà tí a rí àléébù nínú bí wọ́n ṣe pín àwọn kan sí ẹgbẹ́, wọ́n fà á padà, wọ́n tún un ṣírò, wọ́n sì tún un tẹ̀ ní 2018. Àbọ̀ kò yí padà púpọ̀: ìkọlù ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti ikú tí ó ti ibẹ̀ wá fi bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá dín kù láàárín àwọn tí ń jẹ èso náà, bí a bá fi wọ́n wé ẹgbẹ́ tí a kàn sọ fún pé kí wọ́n dín ọ̀rá kù.

Àwa ńkọ́, tí kò sí walnut òkè òkun lọ́jà wa? Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ kan gbé àbọ̀ jáde nípa àwọn ará gúúsù Amẹ́ríkà tí ó ju 71,000 lọ, dúdú àti funfun, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ tálákà, àti nípa àwọn ará Shanghai ní ilẹ̀ Ṣáínà tí ó ju 130,000 lọ. Ẹ̀pà ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń jẹ. Àwọn tí ń jẹ ẹ́ jù ni ikú kì í tètè mú: iye tí ó kú nínú wọn fi bí ìdá kan nínú márùn-ún dín sí ti àwọn tí kì í jẹ ẹ́. Irú àkíyèsí bẹ́ẹ̀ nìkan kò tó láti fi sọ pé ẹ̀pà ni ó dá wọn sí. Ṣùgbọ́n ó fi hàn wá pé kò sí ìdí tí a ó fi máa wá ohun olówó iyebíye kiri nígbà tí ẹ̀pà wà nílé.

III. Èyí tí ó wà ní àrọ́wọ́tó wa

Ẹ̀pà. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Gúúsù ni ó ti wá, àwọn ará Potogí ni ó sì gbé e dé etíkun wa. Abẹ́ ilẹ̀ ni ó ń so sí, ìbátan ẹ̀wà sì ni, ṣùgbọ́n òróró inú rẹ̀ jọ ti àwọn èso orí igi. Gíráàmù 30 ẹ̀pà ní ju gíráàmù méje ohun tí ń mú ara dàgbà lọ, àti nǹkan bí gíráàmù 15 òróró. Nínú òróró yìí, gíráàmù méjì péré ni ó jẹ́ irú tí ń dì.

Kajú. Ilẹ̀ Bràsíì ni òun pẹ̀lú ti wá, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi eyín pa kajú tútù, nítorí oje èèpo rẹ̀ máa ń bó ẹnu bí iná.

Awùsá, tí àwọn mìíràn ń pè ní asálà. Ìgbà òjò ni a ń rí i, a ó bọ̀ ọ́, a ó sì pa á jẹ. Kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú walnut òkè òkun tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ òyìnbó wọn jọra. Igi tí àwọn ọmọdé ń pè ní fúrúùtù pẹ̀lú kì í ṣe álímọ́ńdì inú Bíbélì.

Àgbọn. Ó dùn, ṣùgbọ́n ọ̀rá inú rẹ̀ jẹ́ irú tí ń dì. Kí a má ṣe kà á mọ́ ẹ̀pà nínú ọ̀rọ̀ ọkàn. Obì àti orógbó kò sí nínú ohun tí ẹ̀kọ́ yìí ń sọ.

IV. Ìwọ̀n, àti ohun tí a ó fi rọ́pò

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Òwe 25:16 kìlọ̀ nípa oyin pé kí a jẹ ìwọ̀n tí ó tó wa. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀pà rí. Ẹ̀kúnwọ́ kan, tí í ṣe nǹkan bí gíráàmù 30, ni ó tó fún àgbàlagbà lójúmọ́. Kálórì tí ó wà nínú rẹ̀ tó 170. Ìgò ẹ̀pà yíyan kan, irú èyí tí a ń tà lójú pópó, ju ìwọ̀n ọjọ́ mẹ́wàá lọ. Ẹni tí ó bá jẹ ìdajì rẹ̀ tán níbi tí ó gbé ń wo tẹlifíṣọ̀n lálẹ́ lẹ́yìn iyán kò tíì ṣe ọkàn rẹ̀ ní oore. Ara rẹ̀ ni yóò máa san.

Nítorí náà, ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì ni: kí ni ẹ̀pà yìí gba ipò rẹ̀? Bí ó bá gba ipò pọ́fù-pọ́fù tí a dín, tàbí bisikíìtì, tàbí ẹran ọlọ́ràá, èrè wà níbẹ̀. Bí ó bá gun orí gbogbo wọn, kò sí èrè. Ní 2003, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn gba àwọn oníṣòwò láyè láti kọ ọ́ sára àpò pé gíráàmù 42 èso eléèpo líle lójúmọ́ lè dín ewu àrùn ọkàn kù. Ṣùgbọ́n wọ́n pa á láṣẹ pé kí wọ́n kọ ọ́ mọ́ ọn pé ó gbọ́dọ̀ wà nínú oúnjẹ tí irú ọ̀rá tí ń dì kò pọ̀ nínú rẹ̀, àti pé ẹ̀rí náà kò tíì di àrídájú.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ tún wà níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù márùn-ún, èyí tí kò ju ṣíbí kékeré kan lọ. Ọbẹ̀ wa, búrẹ́dì wa àti èròjà amóbẹ̀dùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tí ó sì ń jẹ ẹ̀pà oníyọ̀, ń fi ọwọ́ ọ̀tún kọ́lé, ó ń fi ti òsì wó o. Ẹ̀pà tí a sè pẹ̀lú omi lásán, tàbí tí a yan láìfi iyọ̀ sí i, ni kí a yàn.

V. Ẹ̀pà tí ó ti bu

Ní ọdún 1960, tòlótòló tí ó ju 100,000 lọ kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀, ẹ̀pà lílọ̀ tí a kó wá láti Bràsíì, tí a fi sínú oúnjẹ wọn, ni ó pa wọ́n. Ẹ̀pà náà ti bu, ohun tí ó hù lára rẹ̀ sì ti tú oró sínú rẹ̀. Oró náà ni a wá ń pè ní aflatoxin. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń bá jà, ó sì lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ fún ẹni tí ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Yíyan ẹ̀pà kò lè pa gbogbo oró náà.

Ohun tí ó ń fà á ni pé a kò sá ẹ̀pà gbẹ dáadáa, tàbí a kó o pamọ́ síbi tí ó ní ọ̀rinrin. Ọ̀nà ààbò kò ṣòro: kí a tètè sá a gbẹ, kí a tọ́jú rẹ̀ síbi gbígbẹ tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kí a sì ṣa èyí tí ó bu, tí ó hunjọ, tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà tàbí tí kòkòrò ti jẹ kúrò. Bí ọ̀kan bá korò lẹ́nu, kí a tu ú dànù.

Níhìn-ín ni ẹ̀kọ́ yìí ti kan àwọn tí ń ṣòwò láàárín wa. Kí ni a ń fi èyí tí a ṣà kúrò ṣe? Àwọn kan a máa lọ̀ ọ́, nítorí pé bí a bá ti lọ̀ ọ́, ojú kò lè dá a mọ̀ mọ́. Wọ́n á sọ ọ́ di kúlíkúlí, tàbí kí wọ́n tà á fún àwọn tí ń sin adìyẹ. Ṣùgbọ́n bí a bá fún òróró kúrò lára ẹ̀pà, inú èérún tí ó kù ni púpọ̀ nínú oró náà máa ń wà, èérún yìí sì ni kúlíkúlí. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a tẹ ìdí kọ́ńgò wọlé kí ọjà má baà pé. Òwe 11:1 sọ ọ́ kedere nípa òṣùwọ̀n èké. Ẹni tí kọ́ńgò rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n tí ohun inú rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́, kò tíì bọ́ nínú ìbáwí náà. Òótọ́ ni pé àdánù ni kí a da ẹ̀pà nù, pàápàá fún ẹni tí ó yá owó ṣòwò. Síbẹ̀, ohun tí a kò lè fi fún ọmọ tiwa, kí a má ṣe gba owó ẹlòmíràn lé e lórí.

VI. Àwọn tí ó yẹ kí ó ṣọ́ra

Kí a má ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní odindi ẹ̀pà, nítorí ó lè há a lọ́fun. Èyí tí a lọ̀ kúnná ni kí a fún un. Àwọn mìíràn wà tí ara wọn kọ ẹ̀pà: ara wọn á wú, mímí á sì nira fún wọn. Kí a tètè gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, kí a má sì ṣe fi tipátipá fún un jẹ mọ́. Ní ìkẹyìn, ẹ̀pà kì í ṣe oògùn. Ẹni tí dókítà ti fún ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ dá a dúró nítorí ohun tí ó kọ́ nínú kíláàsì yìí.

Ẹ̀KỌ́ TÍ A RÍ KỌ́

1. Ohun tí kò wọ́n lè níye lórí. Kí a má ṣe tijú láti gbé e síwájú àlejò.
2. Ẹ̀kúnwọ́ kan tó. Kí ó rọ́pò ohun tí ń pani lára, kí ó má ṣe kún un.
3. Ìfẹ́ ọmọnìkejì kan ohun tí a ń tà fún un.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni a máa ń pín fún àwọn ènìyàn ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa? Èwo nínú rẹ̀ ni a lè fi ẹ̀pà àti èso tútù rọ́pò?
2. Bí ẹ̀pà oníṣòwò kan tí ó jẹ́ ará ìjọ bá bu nítorí òjò, báwo ni ìjọ ṣe lè ràn án lọ́wọ́ kí ó má baà di dandan fún un láti tà á?
3. Ìdílé wo ni a mọ̀ tí ẹ̀sùn nípa ikú òjijì ti dà rú? (Kí a má ṣe dárúkọ ẹnikẹ́ni.) Kí ni à bá ti ṣe?

IṢẸ́ ỌSẸ̀ YÌÍ

Kí olúkúlùkù lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ní ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ ọn, kí ó sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Kí nọ́ọ̀sì tí ó bá wà nínú ìjọ bá olùkọ́ ṣètò rẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà tí kò lè rìn jìnnà. Kí ìyá tàbí bàbá tí ó ní ẹ̀pà nílé dà á sórí atẹ lọ́sàn-án, kí ó ṣà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì fi han àwọn ọmọ èyí tí a ń jẹ àti èyí tí a ń dà nù.